Touchpad yín kò tíì kú, ògbufọ̀ rẹ̀ ni kò sí nílé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ni, ìbéèrè ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì wà nílẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀. Ó ti gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fún ẹnìkan pé kó bá òun fọ́máàtì ẹ̀ torí pé ó ń falẹ̀, wọ́n sì ti dá a padà fún un. Kọ̀ǹpútà náà ti wá yá dáadáa, àmọ́ bó bá fi ìka méjì fa ojú ìwé kó lè ka ìsàlẹ̀, ojú ìwé kì í mira.

"Ọfà yẹn ń rìn o," ó ní. "Ibi tí mo bá darí ẹ̀ sí ló ń lọ. Ìka méjì ni kò dá mi lóhùn. Ẹni tó bá mi ṣe é ní touchpad ẹ̀ ti kú, pé kí n wá owó ká fi pààrọ̀ ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sanwó kankan. Òkú kì í rìn."

Láti ìgbà yẹn, mo ti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí lẹ́nu èèyàn púpọ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí owó tí kò yẹ kó jáde lápò ẹnikẹ́ni ló ń jáde. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé nǹkan méjì ló wà níbi tí ojú ti ń rí ẹyọ kan. Ọ̀kan ni pátákó pẹrẹsẹ tí ìka ń rìn lórí ẹ̀. Èkejì ni ètò tó ń túmọ̀ ohun tí pátákó náà ń sọ fún kọ̀ǹpútà, òun ni wọ́n ń pè ní driver. Orúkọ yẹn gan-an ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ló máa sọ sí i lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ kankan tí driver touchpad ń wà. Ògbufọ̀ ni. Ẹ ro ti ìsọjí tí oníwàásù àlejò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnìkan dúró tì í tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìjọ. Bí ògbufọ̀ kò bá lè wá lọ́jọ́ náà, oníwàásù kò ya odi. Ìjọ ni kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo pátákó náà fúnra rẹ̀, torí iṣẹ́ àrà ni. Ẹ mú ìdérí bírò oníke, ẹ fi í fa orí touchpad yín. Ọfà kò ní mira. Ẹ wá fi ìka fa ojú ibẹ̀ kan náà, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, kí ìka yín kàn fara kàn án fẹ́rẹ́, ọfà á sáré. Èyí fi hàn pé kì í ṣe bí ọwọ́ ṣe wúwo tó ni pátákó yẹn ń wò. Lábẹ́ ojú rẹ̀ tó ń dán, wáyà bàbà tín-ín-rín ló wà níbẹ̀, àwọn kan gba òró, àwọn yòókù gba ìbú, bí òwú ṣe ń dábùú ara wọn lórí òfì, àmọ́ wọn kì í kanra. Níbi tí wáyà méjì bá ti gba orí ara wọn kọjá, iná bíńtín kan máa ń wà láàárín wọn. Ara èèyàn ní omi àti iyọ̀ nínú, iná sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ìka bá ti súnmọ́ ọ̀kan nínú àwọn oríta wọ̀nyí, ó máa ń fà lára iná tó wà níbẹ̀, iye iná náà á sì yí padà díẹ̀. Ọpọlọ kékeré kan wà lẹ́yìn pátákó tó ń yẹ gbogbo oríta náà wò lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Òun ló ń mọ ibi tí iná ti yí, bó ṣe yí tó, àti bóyá ojú kan ló ti yí tàbí ojú mẹ́ta. Ìdérí bírò kò lè fa iná kankan, ìdí nìyẹn tí pátákó kò fi mọ̀ pé nǹkan kan dé.

Ẹni tó bá ti yé báyìí á mọ ìdí tí ọfà fi ń ya wèrè bí ọwọ́ bá tutù. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àwo tán tí ẹ jókòó ti láptọ́ọ̀pù, omi tó kán sórí pátákó náà ń ṣe bí ìka lójú wáyà abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ nu ọwọ́ yín náà, ọ̀rọ̀ parí.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú pátákó yìí dé orí láptọ́ọ̀pù. Àwọn láptọ́ọ̀pù ìgbà kan, bọ́ọ̀lù kékeré ni wọ́n ní tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí. Ará Amẹ́ríkà kan, George Gerpheide, tó dá ilé iṣẹ́ Cirque sílẹ̀, ló ṣe pátákó tó ń fi iná mọ ìka. Ní ọdún 1994, Apple gbé irú rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń jẹ́ PowerBook 500, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀lé wọn. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ yín á ti rí nínú láptọ́ọ̀pù yín ni Synaptics. Federico Faggin, tó wà lára àwọn tó ṣe 4004, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kékeré kan, fún Intel ní 1971, àti ọ̀jọ̀gbọ́n Carver Mead ló dá a sílẹ̀ ní 1986. Ẹ̀rọ tó lè máa ṣe bí ọpọlọ èèyàn ni wọ́n ń wá lọ, touchpad ló sì padà di iṣẹ́ tó gbé orúkọ wọn jáde.

Nígbà tí touchpad dé, kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n. Máùsì ni gbogbo wọn mọ̀. Èdè tí máùsì ìgbà yẹn ń sọ wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà PS/2 tí IBM gbé jáde ní 1987, èdè náà kò sì ju bíńtín lọ. Nǹkan mẹ́ta péré ni máùsì lè sọ nígbàkigbà tó bá la ẹnu: bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀, bí òun ṣe rìn sí ẹ̀gbẹ́ tó, àti bí òun ṣe rìn síwájú tàbí sẹ́yìn tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí "ìka" nínú èdè náà. Kò sí "méjì" níbẹ̀. Máùsì kò lè sọ pé "igun báyìí ni mo wà", torí tábìlì tó ń rìn lórí ẹ̀ kò ní igun tó mọ̀.

Àwọn tó ṣe touchpad wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n kọ́ pátákó wọn láti gbé ìwà máùsì wọ̀. Gbàrà tí ẹ bá tan láptọ́ọ̀pù, touchpad á ní, "Máùsì ni mí o." Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí máùsì. Ìwà yìí ló jẹ́ kí ọfà ẹ̀gbọ́n mi máa rìn láìsí ògbufọ̀ kankan. Pátákó ń rí ìka rẹ̀ méjèèjì kedere, ṣùgbọ́n èdè tó ń sọ lọ́jọ́ náà kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi ròyìn wọn.

Driver tí wọ́n ṣe fún touchpad náà gan-an ló mọ bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀kùn ẹ̀. Mo fẹ́ràn apá yìí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àṣẹ kan wà tí gbogbo máùsì ń gbọ́, òun ni wọ́n fi ń sọ fún un bí ìwọ̀n ìrìn rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kúnná tó. Kò sí ẹni tó ní ìdí láti pa á lẹ́ẹ̀mẹrin léra léra. Nítorí náà, driver Synaptics á pa á lẹ́ẹ̀mẹrin, á wá béèrè pé, "Báwo lo ṣe wà?" Bó bá jẹ́ máùsì gidi, á gba àṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì dáhùn bí máùsì. Bó bá jẹ́ touchpad, á mọ̀ pé ará ilé ló ń kànkùn. Á sọ irú ẹni tó jẹ́, á bọ́ ẹ̀wù máùsì sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè tirẹ̀ sọ ibi tí ìka wà àti bó ṣe tẹ̀ tó. Bí kò bá sí ẹni tó kanlẹ̀kùn, máùsì ni yóò máa jẹ́ títí tí wọ́n á fi pa kọ̀ǹpútà.

Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀, driver tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bá gbogbo nǹkan lọ. Windows tuntun tí wọ́n fi sí i mú ògbufọ̀ máùsì tirẹ̀ wá, èyí tó mọ máùsì nìkan. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to orúkọ àwọn ẹ̀rọ ara kọ̀ǹpútà, kó wo abẹ́ "Mice and other pointing devices", kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó kà á lẹ́yọ lẹ́yọ: "PS/2 Compatible Mouse." Kò sí máùsì kankan lára láptọ́ọ̀pù náà. Touchpad rẹ̀ ni Windows ń fi orúkọ yẹn pè.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ògbufọ̀ fi ṣe pàtàkì tó báyìí? Ìdí ni pé pátákó kò mọ ohun tó ń jẹ́ "yí ojú ìwé". Nọ́ńbà ni gbogbo ohun tó ń sọ: ìka kan wà níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì ti sún sókè díẹ̀. Driver ló ń dájọ́. Ìka kan fara kàn án, ó kúrò kíá, kò rìn: títẹ̀ ni. Ìka kan dúró, ó rìn: ọfà ló fẹ́ gbé. Ìka méjì jọ ń lọ sápá kan náà: ojú ìwé ni kó yí. Ìka méjì ń jìnnà síra wọn: àwòrán ni kó tóbi sí i. Ìka méjì kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kúrò: ó fẹ́ kí àkójọ àṣẹ yọ, èyí tí bọ́tìnì ọ̀tún máùsì ń mú wá. Àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní gesture, mo máa ń pè wọ́n ní àmì ìka.

Ìdájọ́ náà kò rọrùn. Ẹ gbé ìka ìlàbẹ̀ àti ìka àárín yín sórí pátákó báyìí. Ẹ lè rò pé ẹ gbé wọn kalẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọ̀kan ti ṣáájú ìkejì ní tíńtín. Ní tíńtín yẹn, ìka kan ṣoṣo ni driver rí. Ṣé kó gbé ọfà ni, àbí kó dúró wò ó bóyá ìkejì ń bọ̀? Bó bá dúró pẹ́ jù, touchpad á dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Bí kò bá dúró tó, ọfà á fò díẹ̀ kí ojú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nítorí èyí ni pátákó kan náà, pẹ̀lú driver méjì, fi lè dà bí pátákó méjì lọ́wọ́ ẹni.

Àtẹ́lẹwọ́ tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Bí ẹ ti ń tẹ̀wé, ìdí àtàǹpàkò yín ń fara kan etí pátákó láìmọ̀. Driver tó mòye máa ń wo bí ohun tó kàn án ṣe fẹ̀ tó, ó ń wò ó bóyá etí ló ti wọlé, ó sì ń wò ó bóyá àwọn lẹ́tà ṣì ń jẹ́ títẹ̀ lọ́wọ́, kó tó sọ pé, "Ìka kọ́ lèyí." Bó bá ṣì í dá, ẹ ó ṣàdédé rí i pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ti fò lọ sí àárín ìlà tí ẹ ti tẹ̀ tán. Bí èyí bá ń yọ yín lẹ́nu lórí Windows, ẹ lọ síbi touchpad nínú Settings, ẹ wá "Touchpad sensitivity", ẹ fà á wálẹ̀ sí Medium tàbí Low.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí irú ìdájọ́ yìí ni Wayne Westerman, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún torí ìwé títẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà tí kò ní máa fi ipá tẹ nǹkan. Òun àti olùkọ́ rẹ̀, John Elias, dá FingerWorks sílẹ̀ ní 1998, wọ́n ń ta pátákó tó lè mọ gbogbo ìka ọwọ́ méjèèjì. Apple ra ilé iṣẹ́ wọn ní 2005. iPhone jáde ní 2007, nígbà tó sì di January 2008, MacBook Air dé pẹ̀lú pátákó ńlá tó ń gbọ́ àmì ìka mẹ́ta. Nígbàkigbà tí mo bá ń fẹ ìka méjì láti mú àwòrán tóbi, mo máa ń rántí pé ọwọ́ tó ń dun ẹnìkan wà lára ohun tó mú un wá.

Ní ẹ̀gbẹ́ Windows, nǹkan dàrú fún ọdún púpọ̀. Synaptics ní driver tirẹ̀, ELAN ti Taiwan ní tirẹ̀, ALPS ti Japan náà ní tirẹ̀. Onílé iṣẹ́ láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan á tún gba èyí tó wù ú, á yí i díẹ̀, á sì fi ojú ewé tirẹ̀ lé e. Àmì ìka mẹ́ta lórí láptọ́ọ̀pù yín lè mú ojú ìwé lọ síwájú, kó jẹ́ pé nǹkan ọ̀tọ̀ ló ń ṣe lórí tèmi. Nígbà tí Windows 8.1 dé ní 2013, Microsoft mú ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Precision Touchpad. Lábẹ́ ìlànà yìí, pátákó kò gbọ́dọ̀ mú ògbufọ̀ tirẹ̀ wá mọ́. Kó kàn máa ròyìn ìka fún Windows ní tààràtà, ó lè tó ìka márùn-ún, Windows fúnra rẹ̀ ni yóò máa dájọ́. Láti ìgbà náà ni àmì ìka ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọra láti láptọ́ọ̀pù kan sí òmíràn. Ẹ fi ìka mẹ́ta fà á sókè, gbogbo ohun tí ẹ ṣí á tò sójú kan. Ẹ fà á wálẹ̀, gbogbo wọn á kúrò nílẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó máa bọ́ láti inú ohun kan sí òmíràn. Ìka mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ á gbé yín lọ sí ojú tábìlì mìíràn bí ẹ bá ti ṣí ju ẹyọ kan lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ lọ sí Settings. Lórí Windows 11, ẹ wọ Bluetooth & devices, ẹ wá yan Touchpad; lórí Windows 10, Devices ni ẹ ó wọ̀. Windows 10 tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé "Your PC has a precision touchpad". Bí ẹ bá rí i pé ẹ lè yan ohun tí ìka mẹ́ta àti mẹ́rin yóò máa ṣe níbẹ̀, Precision ni tiyín. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀nba nǹkan ló wà níbẹ̀, tí àwọn ìyókù wà nínú ojú ewé Synaptics tàbí ELAN, ti àtijọ́ ni.

Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó bá ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fara balẹ̀ sí, torí pé irú méjèèjì ló wà lórí igbá, àìsàn wọn kò sì jọra. Ti àtijọ́ tó ń sọ èdè PS/2, bí ògbufọ̀ rẹ̀ bá sọnù, á di máùsì: ọfà á máa rìn, àmì ìka ló máa kú. Ti tuntun kì í sábà gba ọ̀nà PS/2 mọ́. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní I2C ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà, ọ̀nà náà gan-an sì nílò driver tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń lo Intel, Serial IO ni orúkọ driver ọ̀nà yìí. Bí wọ́n bá fọ́máàtì kọ̀ǹpútà tí Serial IO kò sí, Windows ní ògbufọ̀ nínú ilé o, àmọ́ kò sí afárá tí ọ̀rọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Touchpad á dákẹ́ lọ gbári. Ọfà kò ní rìn rárá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á fọwọ́ sọ̀yà pé pátákó ti jó. Nígbà míì, fáìlì kékeré kan láti ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ni gbogbo ohun tó ń béèrè.

Nípa Mac, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: Apple ló ṣe pátákó, òun ló ṣe ògbufọ̀, wọn kì í pàdánù ara wọn. Ohun kan péré ló yẹ kí ẹ mọ̀. Láti 2015, pátákó ọ̀pọ̀ MacBook kì í rì mọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ ló ń ta ìka yín kó lè dà bí ẹni pé ó rì. Bí ẹ bá pa MacBook náà pátápátá tí ẹ tẹ̀ ẹ́, á le gbagidi bí òkúta, kò sì bàjẹ́. Fún àwọn tó ń lo Linux, ètò kan tó ń jẹ́ libinput ló ń dájọ́ àmì ìka lórí ọ̀pọ̀ wọn báyìí. Peter Hutterer wà nídìí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí GNOME 40, ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, ti jáde ní 2021, ìka mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi ohunkóhun kún un, bí ẹ bá ń lo Wayland, ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà Linux.

Tí touchpad bá wá dákẹ́, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn bọ́tìnì òkè, láti F1 lọ. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní ọ̀kan tí wọ́n ya àwòrán pátákó kékeré sí lára. Ẹ di Fn mú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọmọdé tó fọwọ́ kàn án lásán lè ti pa á. Àwọn HP kan ní iná tín-ín-rín ní igun òkè touchpad lápá òsì. Ẹ fi ìka kàn án níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á pa tàbí á tàn. Mo ti rí èyí tí wọ́n ti fẹ́ tú palẹ̀ nítorí igun yìí.

Bí ìyẹn kò bá ràn án, ẹ ki máùsì USB bọ̀ ọ́ kí ẹ lè rí nǹkan ṣe, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀. "PS/2 Compatible Mouse" lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní máùsì túmọ̀ sí pé ògbufọ̀ kò sí nílé. Àmì ìyanu oníyẹ́lò lára I2C tàbí lára ohun tí kò lórúkọ túmọ̀ sí pé afárá ló já. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn tí Windows ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọfà lé touchpad, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ wọ Properties, ẹ wá sí Driver, ẹ tẹ Roll Back Driver, á dá ògbufọ̀ àná padà. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé dá padà, ẹ yí láptọ́ọ̀pù dojú bolẹ̀, ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ tán pátá, ẹ lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, kí ẹ gba driver touchpad. Bí driver Serial IO tàbí ti chipset (àwọn ẹ̀rọ inú tó so kọ̀ǹpútà pọ̀) bá wà níbẹ̀, ẹ gba ìyẹn ṣáájú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba àwọn ètò tó ń pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn á bá yín wá gbogbo driver lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń gbé àlejò tí ẹ kò pè wọlé.

Àwọn àìsàn kan tún wà tí driver kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Bí ọfà bá ń gbọ̀n tàbí tó ń fò kiri nígbà tí ṣájà wà lára láptọ́ọ̀pù nìkan, pàápàá lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ ṣájà kí ẹ wò ó. Bó bá fara balẹ̀, iná ló ń dà á láàmú. Ẹ rántí pé iná bíńtín ni pátákó fi ń mọ ìka. Ṣájà tí kò ní ẹsẹ̀ kẹta tó wọ ilẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ki bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, lè máa rọ ariwo iná lé e lórí. Ẹ wá ṣájà tó jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù náà gan-an.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mi sọ́kàn jù lọ ni ti bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ òde òní, bátìrì wà lábẹ́ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ń sinmi lé, ó sì lè gba abẹ́ touchpad kọjá. Bí bátìrì lithium bá ti gbó, ó lè wú, á sì máa ti pátákó sókè láti abẹ́. Ẹ ó kọ́kọ́ rí i pé touchpad kò rì mọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí pé ó ń tẹ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, etí rẹ̀ kan á ga ju ìkejì lọ, láptọ́ọ̀pù kò sì ní jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́. Ẹ má ṣe fi ipá tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Ẹ má ṣe fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó tú u. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ má gbé e sórí ibùsùn, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ bátìrì tó wú, torí pé ó lè gbiná. Kí ẹ tó gbà pé touchpad ló bàjẹ́ lára tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi ojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n mi kò dé bẹ́ẹ̀. Ó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fún mi, mo wá driver náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó fi sí i, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lórí fóònù.

"Ó ti ń yí," ó ní. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbúrò mi, ẹ̀yìn ló ń lọ. Mo fà á wálẹ̀, òun ń gòkè."

Ìyẹn náà kò bàjẹ́. Ọ̀nà méjì ni ayé gbà ń ka ìka lórí pátákó. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé ìka ń fa ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé: fà á wálẹ̀, kí o rí ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé ìka ń fa bébà fúnra rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe lórí fóònù: fà á wálẹ̀, bébà á bá ọ wálẹ̀, òkè rẹ̀ lo máa rí. Apple yí ti Mac sí ọ̀nà kejì yìí ní 2011, nígbà tí OS X Lion jáde, ó sì ru ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Mo ní kó ṣí ojú ewé touchpad, kó wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ìka méjì àti ìhà tí ojú ìwé ń lọ, kó yí i. Ó yí i, ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹn-ẹ́n," ó ní, ó sì ti ń ka ìbéèrè kẹrìndínlógún sókè fún ara rẹ̀ kí n tó sọ pé ó dàárọ̀.